Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ òǹkọ̀wé láti community college Amẹ́ríkà: ṣé ó ṣeé ṣe láti Àjàṣẹ́?

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní BAC (ìwé-ẹ̀rí ìparí ilé-ẹ̀kọ́ girama), mo ní licence (oyè yunifásítì àkọ́kọ́), mo ń kọ ìtàn ní Yorùbá àti Faransé, mo sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ìwọ̀n tí mo fi ń kàwé láìtú u. Mo rí i pé àwọn community college Amẹ́ríkà, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò, ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí nínú iṣẹ́ òǹkọ̀wé àtinúdá, àwọn kan sì ń kọ́ gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ gan-an? Eélòó ni yóò ná ẹni tó jókòó sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin? Ṣé físà wà nínú ọ̀rọ̀ náà? Ṣé ìwé náà sì tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó là á yé mi tinú tẹ̀yìn.

Kálámù · 9:02 alẹ́

Ẹ kú ìbéèrè, Àbẹ̀kẹ́. Kírédíìtì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó, òun náà ni wọ́n fi ń díwọ̀n àkókò.

Kírédíìtì kan jẹ́ wákàtí kan nínú kíláàsì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú wákàtí méjì iṣẹ́ ilé, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Kíláàsì kan sábà máa ń jẹ́ kírédíìtì 3, ó di wákàtí 9 lọ́sẹ̀, 135 ní sáà kan. Iye kírédíìtì ìwé-ẹ̀rí yìí yàtọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi 18 ṣírò, ìyẹn kíláàsì mẹ́fà. (Oyè ọlọ́dún méjì tí wọ́n ń pè ní associate jẹ́ 60.) Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kò gbọdọ̀ gbé ju kíláàsì méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Sáà mẹ́ta nìyẹn, ọdún kan ààbọ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ tó ń fọwọ́ kan ìtàn àròsọ, ewì, eré onítàn àti ìtàn òtítọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíláàsì ìtàn àròsọ fúnra rẹ̀, ti ewì, ọ̀kan tí ẹ máa yàn, ìwé kíkà kan tàbí méjì, níkẹyìn, àkójọ iṣẹ́ tí ẹ ti tún kọ, pẹ̀lú ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fi ṣàlàyé ohun tí ẹ yí padà àti ìdí tí ẹ fi yí i padà. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á fẹ́ kí ẹ ní máàkì C, ó kéré tán, nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan kó tó kà mọ́ ìwé-ẹ̀rí.

Wọn kì í ṣe ìdánwò àṣàyàn kí wọ́n tó gbani sílé-ẹ̀kọ́ irú èyí. Ẹni tó bá ti parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un. Ibi tí ilẹ̀kùn kejì wà ni kíláàsì tí wọ́n ń pè ní English Composition (àròkọ Gẹ̀ẹ́sì), tí ọ̀pọ̀ ń béèrè kéèyàn tó wọ kíláàsì òǹkọ̀wé. Ẹ béèrè bóyá olùkọ́ lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín, tàbí bóyá ìdánwò kékeré kan lè dípò rẹ̀. Bí ẹ kò bá béèrè, ẹ óò san owó kíláàsì kan tí ẹ kò ní lọ́kàn.

Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n gba ti owó.

Ìpolówó tó ń sọ pé community college pọ́ọ́kú kò parọ́, àmọ́ ará ibẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wo Kalifọ́níà: láti 2012, dọ́là 46 ni olùgbé ìpínlẹ̀ náà ń san lórí kírédíìtì kan. Ẹni tí kì í ṣe olùgbé ibẹ̀, owó rẹ̀ sábà máa ń ju 300 lọ. Kírédíìtì kan náà ni, olùkọ́ kan náà ni. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tilẹ̀ ní iye owó mẹ́ta: ti ará agbègbè, ti ará ìpínlẹ̀, ti àlejò. Ti àlejò ni ẹ gbọ́dọ̀ wá lójú ewé wọn, ó sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ká wá ṣírò. 18 lọ́nà 300 jẹ́ dọ́là 5,400. Tí a bá ka dọ́là sí 600 sẹ́ẹ̀fà, ó di 3,240,000. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Benin jẹ́ 52,000 láti 2023. Owó oṣù 62 nìyẹn, ó lé díẹ̀, láìtíì ra ìwé kankan. Owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù FAFSA béèrè, kò sí fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó jókòó sílé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá yín gbà á, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Ti físà: ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé rẹ̀ ní Benin kò nílò rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì ní fún un ní ìwé I-20 tí wọ́n fi ń wá físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má fi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ọ̀nà ìrìn-àjò. Ẹni tó ní F-1 gan-an, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa kà mọ́ iṣẹ́ kíkún rẹ̀ ní sáà kan.

Èrò mi: ẹ má ra gbogbo ìwé-ẹ̀rí náà. Ẹ ra kíláàsì kan. 3 lọ́nà 300 jẹ́ 900, ìyẹn 540,000 sẹ́ẹ̀fà. Owó ńlá ṣì ni, àmọ́ ó ṣeé kó jọ.

Ọ̀rọ̀lẹyẹ · 10:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Òkè, ẹ má tíì lé àbúrò wa sẹ́yìn. Ọ̀nà tó rọjú wà. Ọ̀pọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí kò ní kírédíìtì, fún àgbàlagbà àti ará àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, owó rẹ̀ kéré púpọ̀, kò sí máàkì. Àwọn kan náà ń pe èyí ní certificate! Ẹni tó bá fẹ́ fi kírédíìtì rẹ̀ lọ gba oyè lọ́jọ́ iwájú kò gbọdọ̀ ṣi èyí mú. Ẹni tó kàn fẹ́ kọ́ iṣẹ́, èyí lè tó o.

Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá náà wà: OpenLearn, ti Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ẹ̀kọ́ òǹkọ̀wé tí ẹ lè kà láìsan nǹkan kan. Kò sí ẹni tí yóò ka iṣẹ́ yín níbẹ̀, àmọ́ ẹ óò mọ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì yín gbé e.

Ìdẹ̀nà_Kétu · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ owó, kò sẹ́ni tó wo aago.

Kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì pín sí méjì. Ọ̀kan ní wákàtí tí gbogbo yín jọ máa pàdé lórí Zoom. Èkejì kò ní wákàtí ìpàdé: olùkọ́ á gbé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ síbẹ̀, ẹ óò ṣe é ní àkókò tiyín kí ọjọ́ tó pé. Ará Benin, èkejì ni kẹ́ ẹ mú. Aago méje alẹ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ wa, nígbà òtútù ó di aago kan. Ti Los Angeles le jù bẹ́ẹ̀: aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ wọn jẹ́ aago méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta ààbọ̀ òru wa. Ẹ̀ẹ̀kan kò burú. Ọ̀sẹ̀ 15, ara kò gbà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: wọ́n ń yí aago padà ní Amẹ́ríkà, àwa kì í yí i. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta ni wọ́n ń tì í síwájú, Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá ni wọ́n ń dá a padà. Iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé kí aago 11:59 alẹ́ Àìkú tó lù ní Níú Yọ́ọ̀kì, 5:59 àárọ̀ Ajé ni lọ́dọ̀ wa láti oṣù kìíní. Nígbà tó bá di àárín oṣù kẹta, ó ti di 4:59. Ẹni tó ti mọ́ lára láti jí ní aago márùn-ún fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ á bá ilẹ̀kùn ní títì. Canvas, ojú ewé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, ní ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé aago Benin ni kó máa fi hàn yín. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pàápàá: ọ̀pọ̀ olùkọ́ á yọ orúkọ ẹni tí kò bá kọ nǹkan kan sójú ìjíròrò ní ọ̀sẹ̀ náà. Wíwọlé lásán kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan.

Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · 7:11 àárọ̀

Ìdẹ̀nà, ẹ ṣeun gidi. Kí n fi ti dátà kún un. Zoom alájọwò lè jẹ bíi gígà kan ní wákàtí kan. Tí ẹ bá pa fídíò, ó dín kù gan-an. Kíláàsì tí kò ní ìpàdé kò jẹ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ ló pọ̀ jù. Ẹ kọ gbogbo nǹkan sínú fáìlì lórí kọ̀ǹpútà yín, kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìjíròrò. Tí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sójú ewé wọn tààrà, ó lè bá iná lọ.

Kálámù · 12:30 ọ̀sán

Kẹ́ ẹ tó san owó, ẹ kọ ìmeèlì sí wọn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú èsì. Ṣé ẹ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé òkè òkun sí kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì? (Àwọn kan kò gbà rárá, ẹlòmíràn á ti san owó ìforúkọsílẹ̀ kó tó gbọ́.) Eélòó ni kírédíìtì kan fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo owó kéékèèké tó rọ̀ mọ́ ọn? Ọjọ́ wo ni mo lè jáde kúrò nínú kíláàsì kí n gba gbogbo owó mi padà? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì, torí ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè jáde kí wọ́n kọ W (ìyẹn pé ẹ jáde) síwájú orúkọ yín, àmọ́ owó ti lọ.

Ti ìwé BAC: ẹni tó fẹ́ gba gbogbo ìwé-ẹ̀rí lè nílò ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tó ní òǹtẹ̀, nígbà mìíràn àyẹ̀wò láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é lówó. Ẹni tó kàn fẹ́ kíláàsì kan, láìwá oyè, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀. Báǹkì yín náà á fẹ́ rí ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi béèrè owó kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́ · 8:45 alẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Olúwa á san yín lẹ́san rere. Ọ̀rọ̀ owó yẹn wọ̀ mí létí. Ohun tó wá ṣe mí ní kàyéfì ni pé gbogbo ènìyàn ń sọ pé kíláàsì kan ṣoṣo tó, bíi pé nǹkan kan wà nínú kíláàsì kan tí èèyàn ń lọ mú. Kí ni nǹkan náà?

Àgbà_Àtúnkọ · 9:30 alẹ́

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Nǹkan náà ni wọ́n ń pè ní wọ́kṣọ́ọ̀pù. Ilé-ẹ̀kọ́ òǹkọ̀wé ti Yunifásítì Iowa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà ń lò, community college pẹ̀lú.

Bó ṣe ń lọ: ẹ óò fi ìtàn yín ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ojú ìwé mẹ́wàá sí méjìlá, ìyẹn bí 2,500 sí 3,000 ọ̀rọ̀. Olúkúlùkù á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á kọ lẹ́tà ojú ìwé kan sí yín. Lọ́jọ́ ìjíròrò, wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí ìtàn náà fún ìṣẹ́jú 30 sí 45, ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ kò ní lanu. Ó le fún ọmọ Yorùbá, tí wọ́n kọ́ láti dáhùn nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ dákẹ́ ni pé ẹ kò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkàwé nígbà tó bá ń ka ìwé yín nílé rẹ̀. Ohun tó wà lórí ìwé nìkan ló ní. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, ẹ lè béèrè ìbéèrè. Àwọn olùkọ́ kan ti ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi kò rí àléébù níbẹ̀ bó bá jẹ́ ìbéèrè ló ń béèrè, tí kò gbèjà ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ọjọ́ ìtàn tiwọn ni wọ́n kọ́ iṣẹ́. Rárá. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ kọ sí ẹlòmíràn ló ń kọ́ ojú yín láti rí ibi tí ìtàn ti já.

Ẹ gbé ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin síbí, Àbẹ̀kẹ́, ká jọ wò ó.

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́ · 9:52 alẹ́

Àyà mi ń já, àmọ́ ó dáa. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn kan rèé:

*Ìyá Àdùkẹ́ bínú gan-an. Ó bínú débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Ó jókòó sínú ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ouando, ó ń ronú nípa gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe fún un.*

Ọ̀rọ̀lẹyẹ · 10:10 alẹ́

Ó ti dára, àbúrò. Mo kàn fẹ́ bá ọ fi epo sí i: *Inú Ìyá Àdùkẹ́ ń ru bí omi orí iná. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé orí igi. Ọ̀rọ̀ kún inú, ẹnu kò gbà á. Ọmọ tí a bí la tọ́, tó wá di ẹ̀gún ní gbà-ǹ-gbà ọjà Ouando!*

Àgbà_Àtúnkọ · Ọjọ́rú, 7:05 àárọ̀

Ọ̀rọ̀lẹyẹ, ẹnu yín dùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ìbínú náà ṣì ni, aṣọ tuntun ni ẹ wọ̀ fún un. Omi orí iná yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ń bínú nínú ìwé Yorùbá ni inú rẹ̀ ń ru bẹ́ẹ̀, mi ò tíì rí Ìyá Àdùkẹ́. Èkejì ló wúwo jù: ẹ ti gba ìtàn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Nínú wọ́kṣọ́ọ̀pù a kì í tún ìtàn oníìtàn kọ fún un. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, yálà kó gba gbólóhùn wa, tí kò jọ tirẹ̀, tàbí kó kọ̀ ọ́, kó má rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́tà ni ká kọ. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

*Àbẹ̀kẹ́ ọ̀wọ́n, ohun tí mo kà nìyí: obìnrin kan jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti ṣe ohun tó dùn ún. Ibi tí mo ti jí ni “kò lè sọ̀rọ̀”. Ọlọ́jà tí kò lè sọ̀rọ̀, báwo ni yóò ṣe tajà? Mo fẹ́ dúró síbẹ̀, ìtàn kò jẹ́ kí n dúró. Ibi tí mo ti sọnù ni “gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe”. Wọ́n sọ fún mi pé ó pọ̀, mi ò rí ẹyọ kan. “Ó ń ronú” sì tì mí síta: orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ìbéèrè mi: kí ló ń tà? Ta ló kọ́kọ́ wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó gbọ́ ìròyìn náà?*

Ẹ kíyè sí i pé kò sí “ó dára”, kò sí “kò dára”. Ohun tí mo rí, ibi tí mo ti jí, ibi tí mo ti sọnù àti ohun tó fà á, lẹ́yìn náà ìbéèrè. “Ó wù mí gan-an” kò ran òǹkọ̀wé lọ́wọ́, torí kò lè tún “ó wù mí” kọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fún lẹ́tà wọ̀nyí àti àtúnkọ ní máàkì, wọn kì í fún ìtàn àkọ́kọ́ ní máàkì pé ó dùn.

Ọ̀rọ̀lẹyẹ · 7:48 àárọ̀

Mo gbà, bàbá. Ó tọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́ · 9:15 alẹ́

Ìbéèrè “kí ló ń tà” ló ṣí i. Ẹ wò ó:

*Tòmátì márùn-ún márùn-ún ni Ìyá Àdùkẹ́ ń tò sórí àtẹ. Òkìtì mẹ́ta pé, ẹ̀kẹrin ku ẹyọ kan. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó tọ́ka sí i.*
*“Ìyá, èyí ò pé o.”*
*Ó mú ọ̀kan láti inú òkìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi kún un.*
*“Ìyá, ìyẹn náà ò wá pé mọ́.”*
*Ó tún mú ọ̀kan láti inú òkìtì mìíràn.*

Àgbà_Àtúnkọ · 9:21 alẹ́

Mo rí i. Ẹ máa bá a lọ.

Ìdẹ̀nà_Kétu · 10:00 alẹ́

Èyí dùn mọ́ mi. Mo rí i pé Àbẹ̀kẹ́ lo àmì àyọlò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí fún kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ka ìwé Faransé ní àṣà tó ń dá wa lọ́wọ́ kọ́. Lọ́nà ti Faransé, ìlà gígùn ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàkùrọ̀sọ, a sì ń fi àyè sílẹ̀ ṣáájú àmì ìbéèrè:

— Ṣé o ń bọ̀ ? ni ó wí.

Lọ́nà ti Gẹ̀ẹ́sì:

“Ṣé o ń bọ̀?” ni ó wí.
“Mo ń bọ̀,” ni ó dáhùn.

Ẹ wo kọ́mà yẹn, inú àmì àyọlò ló wà ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Faransé tún fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, kó sì bọ́ sí ohun tó ti kọjá láàárín ìpínrọ̀ kan náà. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì á fi pẹ́ńsùlù yí i po nígbà gbogbo. Ojú ìwé: Times New Roman 12, ìlà méjì-méjì, ààlà 2.54 sẹ̀ǹtímítà yíká, nọ́ńbà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìwé wọn kì í ṣe A4, Letter ni. Ẹ yí i padà nínú fáìlì, kí ojú ìwé mẹ́wàá yín má di mọ́kànlá lọ́dọ̀ olùkọ́.

Tí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá wà nínú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì yín, ẹ mú àkọtọ́ kan kí ẹ dúró tì í. Álífábẹ́ẹ̀tì tí Benin gbé jáde ní 1975 ń kọ ɛ àti ɔ, ti Naijíríà ń kọ ẹ àti ọ. Méjèèjì tọ́, pípa wọ́n pọ̀ ni kò tọ́. Ẹ fi PDF ránṣẹ́ pẹ̀lú fáìlì Word, torí àmì ohùn tó wà lórí ẹ àti ọ lè fọ́nká lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ẹ má sì rò pé ẹ lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní Kétu, akọrin Ẹ̀fẹ̀ ń dúró lóru níwájú gbogbo ìlú, ó ń kọrin sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìlú, kí eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ojúmọmọ tó bẹ̀rẹ̀. UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún àṣà gbogbo aráyé ní 2001. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí akọrin náà ṣe ń mú ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan wọlé láìdárúkọ rẹ̀, tí gbogbo ìlú sì mọ ẹni tó ń bá wí, ti mọ apá kan iṣẹ́ ewì tí kíláàsì yóò wá fún lórúkọ.

Òkè_Ṣábẹ̀ẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀

Nǹkan kékeré méjì tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Ẹ má kọ ọ́ ní Faransé kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀rọ tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti kọ ọ́ sínú òfin kíláàsì pé iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ́ ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì lè ka ìtumọ̀ ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ẹ ka òfin náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí kò bá yé yín, ẹ béèrè ní kíkọ. Ẹ kọ iṣẹ́ yín sínú Google Docs, torí ó ń tọ́jú bí ìwé náà ṣe ń dàgbà láti wákàtí dé wákàtí. Tí ẹnikẹ́ni bá fura, ẹ óò ní ohun tí ẹ máa fi hàn.

Èkejì: ẹ má gbé ìtàn tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn sórí Facebook. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìtàn á ní ó ti jáde tẹ́lẹ̀. Èyí tí ẹ fi sínú kíláàsì tó ní ìlẹ̀kùn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń rí, kò sábà ní wàhálà.

Kálámù · 1:10 ọ̀sán

Mo ti ń ka gbogbo èyí, ọkàn mi sì ń sọ pé ká tò ó báyìí fún Àbẹ̀kẹ́ àti ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ipò rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí yìí nìkan kì í gbé iṣẹ́ fúnni, kódà fún ará Amẹ́ríkà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé àti ojú tí yóò kà á. Ẹ kọ́kọ́ dá méjèèjì sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kẹ́ ẹ tó lọ ra á.

Èèyàn márùn-ún ló tó. Ọ̀sẹ̀ 15, bíi ti sáà wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ jọ ka ìtàn tí wọ́n ti tẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí i bí ẹni pé ẹnì kan nínú yín ló kọ ọ́. Ilé-ìkàwé Orílẹ̀-èdè wà ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pàdé ní ọ̀sẹ̀ 4, 6, 8, 10 àti 12, ìtàn méjì ní ìpàdé kan, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pe ara yín ní A dé E: A àti B ní ọ̀sẹ̀ 4, C àti D ní 6, E àti A ní 8, B àti C ní 10, D àti E ní 12. Olúkúlùkù á ti mú ìtàn wá lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, láti tún un kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù, àkójọ iṣẹ́.

Ìtàn gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òǹkàwé ní ọjọ́ méje ṣáájú. Ẹni tí ti rẹ̀ kò bá dé, àyè rẹ̀ kọjá, ẹ má sún ọjọ́ síwájú nítorí rẹ̀. Ibi tí ẹgbẹ́ irú èyí ti ń tú ká nìyẹn: wọ́n á ṣàánú ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, ní oṣù tó tẹ̀ lé e kò ní sí ẹni tó mú nǹkan kan wá.

Ọ̀rọ̀lẹyẹ · 1:34 ọ̀sán

Ẹ fi èmi náà kún un. Mo ṣèlérí pé mi ò ní tún ìtàn ẹnikẹ́ni kọ.

Àbẹ̀kẹ́_Àjàṣẹ́ · 8:20 alẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Ó ti yé mi. Ẹgbẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ dá sílẹ̀, màá sì máa ṣe ti OpenLearn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì mi lè múná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 15, tí àkójọ iṣẹ́ mi bá wà nílẹ̀, màá kọ ìmeèlì Kálámù yẹn sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta, màá ra kíláàsì ìtàn àròsọ kan tí kò ní wákàtí ìpàdé. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ká máa ka ìtàn ara wa lórí fóònù, àbí ká tẹ̀ ẹ́ jáde?

Àgbà_Àtúnkọ · 8:41 alẹ́

Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Lórí fóònù, ojú ń sáré, ọwọ́ kò lè fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ìtàn ojú ìwé mẹ́wàá fún òǹkàwé mẹ́rin jẹ́ ojú ìwé 40. Tí fọ́tòkọ́pì bá jẹ́ sẹ́ẹ̀fà 25, ó di 1,000. Ojú kan ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà fún lẹ́tà. Kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lọ́wọ́ wọn nígbà tí ìpàdé bá parí, torí ibi tí ẹni mẹ́ta fa ìlà sí láìbára wọn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ.